Orí Keje: Bougainvillea àti Àwọn Tó Wà Lẹ́yìn Orúkọ Rẹ̀

Ó ṣòro kí akẹ́kọ̀ọ́ kan nílẹ̀ Yorùbá sọ pé òun ò rí igi yìí rí. Igi ẹlẹ́gùn-ún ni. Ó máa ń gun ògiri ilé ìwé, ó máa ń bo géètì ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ilé ìjọba, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì mú, á fi àwọ̀ pupa, àlùkò, ọsàn tàbí funfun bo ara rẹ̀ débi pé ewé tútù rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́. Púpọ̀ nínú wa kàn ń pè é ní fúláwà. Àwọn tó ń ta igi ọ̀ṣọ́ nínú náílọ̀n dúdú létí títì mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa: Bougainvillea. Nínú ìwé àwọn onímọ̀ ewéko, orúkọ yìí náà ló ń jẹ́ ní Ìbàdàn, òun náà ló ń jẹ́ ní Rio de Janeiro.

A óo kọ́kọ́ wo igi náà, lẹ́yìn náà a óo tọpa orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ orúkọ ló máa gba àyè jù, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ìwé máa ń fò dá wà. Ẹni tó já ewéko nínú igbó, ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ, ẹni tó tẹ orúkọ náà sínú ìwé, àti ẹni tí wọ́n fi orúkọ náà yẹ́ sí, lè jẹ́ ènìyàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ti Bougainvillea rí bẹ́ẹ̀ gan-an, ó kéré tán lójú àwọn òpìtàn kan.

Igi náà fúnra rẹ̀

Ẹ gé ẹ̀ka kan tó ti yọ òdòdó, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ẹ̀gún tó wà ní abíyá ewé rẹ̀. Ohun tó láwọ̀ tó ń fa ojú mọ́ra yẹn rí pelebe, ó fúyẹ́, bí ẹ bá sì rún un lọ́wọ́, á máa dún bíi bébà. Ẹ gbé e sókè kí oòrùn tàn sí i lẹ́yìn: iṣan wà láàárín rẹ̀, àwọn iṣan wẹ́wẹ́ sì ya kúrò lára ti àárín gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lára ewé yòókù. Ewé ni. Ewé tó yí àwọ̀ padà ni.

Mẹ́ta mẹ́ta ni àwọn ewé aláwọ̀ yìí máa ń wà. Òdòdó gan-an ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó fara pamọ́ sáàárín wọn, tó ní ihò nínú, tí ẹnu rẹ̀ sì là bí ìràwọ̀ kékeré funfun. Òdòdó kọ̀ọ̀kan lẹ̀ mọ́ iṣan àárín ewé aláwọ̀ tirẹ̀, nítorí náà ewé mẹ́ta, òdòdó mẹ́ta. Èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ ará Brazil, níbi tí igi náà ti wá, fi ń pè é ní três-marias, ìyẹn ni pé Màríà mẹ́ta. Òdòdó náà kéré ju ohun tí labalábá lè rí láti òkèèrè lọ, ewé aláwọ̀ ló ń polówó fún un. Nínú igbó tó ti ṣẹ̀ wá, ewé yìí tún ní iṣẹ́ kejì: bí èso bá gbó, ewé á ti gbẹ, atẹ́gùn á wá gbé òun àti èso lọ síbòmíràn. Àwọn tí à ń gbìn sí àgbàlá wa kì í sábà so èso, torí pé àdàpọ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn.

Ẹ̀yà Bougainvillea tó wà láyé tó 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀: Brazil, Peru, Bolivia àti apá àríwá Argentina. Ẹbí Nyctaginaceae ni wọ́n wà, ẹbí yìí ò sì ṣàjèjì sí wa rárá. Tannápoṣó tí òdòdó rẹ̀ máa ń là nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀ wà nínú ẹbí náà. Ètìpọ́nọlá tó ń fà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, tí àwọn oníṣègùn wa mọ̀ bí ẹni mowó, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá gbé òdòdó tannápoṣó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bougainvillea, tó sì wo ọ̀pá oníhò tó wà lára àwọn méjèèjì, kò ní béèrè ìdí tí wọ́n fi pè wọ́n ní mọ̀lẹ́bí.

Àwọ̀ rẹ̀ náà ní ìtàn. Èròjà tó ń fún un ní pupa àti àlùkò ni betalain. Èròjà yìí náà ló ń mú omi tí a fi bọ tẹ̀tẹ̀ pupa pọ́n. Tẹ̀tẹ̀ kì í ṣe ẹbí kan náà pẹ̀lú Bougainvillea, ṣùgbọ́n wọ́n jọ wà nínú ọ̀wọ́ ńlá tí à ń pè ní Caryophyllales. Pupa tó wà nínú sóbò, tí a ń rí láti ara ìṣápá, jẹ́ èròjà mìíràn pátápátá: anthocyanin ni. Ewéko tó bá ní ọ̀kan kì í ní èkejì. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó tú àṣírí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ewéko, àwọ̀ ti jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí àwọn onímọ̀ fi ń dá mọ̀lẹ́bí mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn jọ wọ́n.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ìran ewéko lórúkọ

Orúkọ méjì ni ewéko kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Nínú Bougainvillea glabra, Bougainvillea ni orúkọ ìran, glabra ni ti ẹ̀yà. Ìran kan lè ní ẹ̀yà púpọ̀, bí ìran Bougainvillea ti ní; ìran púpọ̀ ló sì ń para pọ̀ di ẹbí. Carl Linnaeus, ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden, ló fìdí ètò orúkọ méjì yìí múlẹ̀ fún ewéko nínú ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1753.

Ibo ni orúkọ ìran ti ń wá? Àwọn kan wá láti inú èdè Gíríìkì tàbí Látìnì, wọ́n sì ń ṣàpèjúwe ewéko náà. Àwọn kan wá láti ẹnu àwọn tó ni ilẹ̀ tí ewéko náà ti hù. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì jẹ́ orúkọ ènìyàn. Ẹni tó sọ àṣà ìkẹta yìí di gbajúmọ̀ ni Charles Plumier, ẹni Ọlọ́run tó tún jẹ́ onímọ̀ ewéko fún ọba Faransé, tó rìn káàkiri àwọn erékùṣù Karíbíànì kó tó kú lọ́dún 1704. Òun ló fi orúkọ Leonhart Fuchs sọ Fuchsia, tó fi ti Pierre Magnol sọ Magnolia, tó fi ti Michel Bégon, ọ̀gá kan nínú ìjọba tó ràn án lọ́wọ́, sọ Begonia. Nígbà tó yá, wọ́n fi orúkọ òun náà sọ Plumeria, igi olóòórùn dídùn tó wọ́pọ̀ nínú àwọn ọgbà àtijọ́ l'Ékòó.

Kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó àti igi òyìnbó nìkan lèyí. Asofẹ́yẹjẹ wa wà nínú ìran Rauvolfia, orúkọ tó wá láti ọ̀dọ̀ Leonhard Rauwolf, dókítà ará Jámánì kan tó rìnrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá ní nǹkan bí ọdún 1573. Ètìpọ́nọlá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ń jẹ́ Boerhavia, nítorí Herman Boerhaave, olùkọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní ìlú Leiden ní Netherlands. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti akòko. Igi tí wọ́n ń já ewé rẹ̀ lé ìjòyè lórí yìí, Newbouldia ni wọ́n ń pè é nínú ìwé, nítorí William Williamson Newbould, àlùfáà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó fẹ́ràn ewéko, tó kú lọ́dún 1886.

Linnaeus fúnra rẹ̀ gbèjà àṣà yìí lọ́dún 1737. Ó ní kí wọ́n fi orúkọ ìran yẹ àwọn tó ti ṣiṣẹ́ fún ìmọ̀ ewéko sí, kí ìrántí wọn má baà parẹ́. Ó tún mọ bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ gbẹ̀san. Johann Siegesbeck, tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu ètò rẹ̀, ni ìran Sigesbeckia ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ewéko kékeré kan ni, ó ń lẹ̀ mọ́ni lára, kò sì ní ẹwà. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ti ń lọ: orúkọ ìran lè jẹ́ oyè, ó lè jẹ́ ọpẹ́, ó sì lè jẹ́ àbùkù, ẹni tí kálàmù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń pinnu.

Ọ̀gbẹ́ni Bougainville

Louis-Antoine de Bougainville kì í ṣe onímọ̀ ewéko. Wọ́n bí i ní Paris lọ́dún 1729. Ó kọ́ ìmọ̀ òfin, ó kọ ìwé lórí ìṣirò tó le, ìwé yẹn sì mú kí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní London, Royal Society, gbà á wọlé lọ́dún 1756. Lọ́dún yẹn kan náà ló wọ ọkọ̀ lọ sí Kánádà gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun, ó sì bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà níbẹ̀ lábẹ́ ọ̀gágun Montcalm títí Faransé fi pàdánù ilẹ̀ náà. Nígbà tí ogun parí, ó fi owó ara rẹ̀ àti ti mọ̀lẹ́bí rẹ̀ dá ìletò sílẹ̀ ní erékùṣù Malouines, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Falkland. Orílẹ̀-èdè Sípéènì ní àwọn làwọn ni ilẹ̀ náà. Ọba Faransé kò fẹ́ ìjà, ó ní kí Bougainville lọ fà á lé wọn lọ́wọ́, kó sì gba ibẹ̀ yí ayé po kó tó padà sílé.

Báyìí ni ìrìn-àjò náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ méjì ni: Boudeuse tí Bougainville wà nínú rẹ̀, tó kúrò ní Nantes ní oṣù kọkànlá ọdún 1766, àti Étoile tó ń ru oúnjẹ àti ẹrù, tó kúrò ní Rochefort ní oṣù kejì ọdún 1767. Ọkùnrin tó wà nínú àwọn méjèèjì lé ní 300. Wọ́n pàdé ní Rio de Janeiro ní oṣù kẹfà ọdún 1767, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà Magellan kọjá ní ìsàlẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n dé Tahiti ní oṣù kẹrin ọdún 1768, Bougainville sì gúnlẹ̀ sí Saint-Malo ní oṣù kẹta ọdún 1769. Ìwé tó kọ nípa rẹ̀ jáde lọ́dún 1771, gbogbo Yúróòpù sì kà á. Erékùṣù ńlá kan tó wà ní Papua New Guinea lónìí ṣì ń jẹ́ Bougainville.

Kò sí bí a ṣe fẹ́ kà á tí a ò ní gbà pé akin ni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìrìn-àjò yẹn, iṣẹ́ ẹlòmíràn ni ewéko jẹ́.

Commerson àti Baret

Iṣẹ́ Philibert Commerson ni. Wọ́n bí i ní Châtillon-les-Dombes lọ́dún 1727, ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Montpellier, ṣùgbọ́n ewéko ló gba ọkàn rẹ̀. Òun àti Linnaeus máa ń kọ lẹ́tà síra wọn. Ìyàwó rẹ̀ kú lọ́dún 1762 lẹ́yìn ìbímọ. Obìnrin tó ń bójú tó ilé rẹ̀ lẹ́yìn náà ni Jeanne Baret, ọmọ alágbàṣe láti abúlé La Comelle ní agbègbè Burgundy, ẹni tí wọ́n bí lọ́dún 1740. Wọ́n jọ kó lọ sí Paris, wọ́n jọ ń gbé.

Nígbà tí ìjọba fi Commerson ṣe onímọ̀ ẹ̀dá fún ìrìn-àjò náà, wọ́n gbà kó mú ìránṣẹ́ kan dání. Òfin ọba kò gba obìnrin láyè nínú ọkọ̀ ogun. Baret wé àyà rẹ̀, ó wọ ṣòkòtò, ó sì dé ibùdókọ̀ ní Rochefort bí ẹni pé òun àti Commerson kò mọra rí, ó ń pe ara rẹ̀ ní Jean. Ọ̀gá ọkọ̀ Étoile fún Commerson ní yàrá tirẹ̀ nítorí ohun èlò tó pọ̀. Yàrá yẹn ló jẹ́ kí àṣírí bò fún ìgbà pípẹ́.

Ẹsẹ̀ ń yọ Commerson lẹ́nu lákòókò yẹn. Ojú egbò kan wà níbẹ̀ tó ń ṣí tó ń pa dé, kò sì lè rìn jìnnà. Ní Rio, níbi tí wọ́n ti já ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún tó láwọ̀ yẹn, àwọn òpìtàn kan rò pé Baret ló wọ inú igbó lọ já a, tí Commerson wá jókòó yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ìwé tí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ sí lórí èyí. Ohun tí kò ní iyàn nínú ni pé Baret ló ń ru ẹrù: pákó tí wọ́n fi ń tẹ ewé, bébà, oúnjẹ, àti ìbọn, nínú òtútù ẹnu ọ̀nà Magellan, lórí òkè àti nínú yìnyín. Bougainville fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé agbára àti ìfaradà rẹ̀ ya òun lẹ́nu, ó sì tún kọ ọ́ pé òun ni yóò jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tó yí ayé po.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ yìí fínnífínní, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kí á já òdòdó ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ka tí wọ́n bá já ní òwúrọ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín bébà kí oòrùn tó kanrí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á rọ. Wọ́n á tẹ́ ewé kan kí iwájú rẹ̀ hàn, wọ́n á yí òmíràn padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ hàn, wọ́n á la òdòdó kan sí méjì kí inú rẹ̀ hàn. Wọ́n á kó bébà lé bébà, wọ́n á fi pákó méjì dè é pinpin. Lọ́jọ́ kejì, bébà ti mu omi, wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta bákan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èéfú á mú un. Nínú ọkọ̀ tí omi òkun ń rọ sí, tí eku pọ̀ bí nǹkan míì, ẹni tó ń ṣe èyí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ewéko kò ráyè sùn dáadáa. Ewé aláwọ̀ Bougainvillea sàn díẹ̀ ju ti yòókù, torí ó gbẹ tán kó tó kú.

Bougainville sọ pé àwọn ará Tahiti ló kọ́kọ́ mọ̀ pé obìnrin ni Baret, àti pé ó fi omijé jẹ́wọ́ fún òun nígbà tó yá. Àwọn mìíràn tó wà nínú ọkọ̀ kọ ọ́ pé ibòmíràn ni àṣírí ti tú, ọ̀nà tó sì gbà tú kò dára létí. Bó ti wù kó jẹ́, nígbà tí wọ́n dé Mauritius ní ìparí ọdún 1768, Commerson àti Baret sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, wọn ò sì bá ọkọ̀ lọ mọ́. Commerson kú síbẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1773. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní Paris yàn án sí àárín wọn, wọn ò tíì gbọ́ pé ó ti kú. Baret fẹ́ ọmọ ogun Faransé kan lọ́dún 1774, àwọn méjèèjì sì jọ padà sí Faransé. Lọ́dún 1785, ìjọba fún un ní owó ìfẹ̀yìntì tó jẹ́ 200 livre lọ́dún. Ó kú lọ́dún 1807.

Láti inú àpótí dé inú ìwé

Commerson ti kọ orúkọ tó fẹ́ kí igi Rio náà máa jẹ́ sílẹ̀: orúkọ ọ̀gá tó kó wọn rìn. Ṣùgbọ́n orúkọ tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹni kan kò tíì di orúkọ. Àyàfi kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú àpèjúwe ewéko náà. Àpótí Commerson dé Paris lẹ́yìn ikú rẹ̀, Antoine-Laurent de Jussieu sì ṣe iṣẹ́ lórí ohun tó wà nínú wọn. Inú ìwé rẹ̀ ńlá, Genera Plantarum, ni ìran náà ti kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1789. Ọdún 22 ti kọjá lẹ́yìn Rio. Commerson ti kú, Bougainville ti di ẹni 60 ọdún.

Ìdí nìyí tí ẹ óo fi rí i nínú ìwé tó bá péye pé wọ́n kọ ọ́ báyìí: Bougainvillea Comm. ex Juss. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Commerson ló dá orúkọ náà, Jussieu ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ má ṣe fò ó nígbà tí ẹ bá ń kàwé. Ọ̀rọ̀ kékeré "ex" yẹn ń sọ ìtàn ẹni méjì.

Jussieu kò kọ ọ́ bí a ti ń kọ ọ́ lónìí. Buginvillaea ló kọ. Àwọn mìíràn tún kọ ọ́ ní ọ̀nà tiwọn, ó sì tó ọdún 150 kí ọ̀nà tí a ń gbà kọ ọ́ báyìí, èyí tó bá orúkọ ọ̀gbẹ́ni náà mu, tó fìdí múlẹ̀. Àárín ọdún 1930 sí 1940 ni àwọn tó ń ṣe ìwé atọ́ka orúkọ ewéko ní Kew ní London tún un ṣe. Lábẹ́ òfin orúkọ ewéko, wọ́n ti dáàbò bo kíkọ tuntun yìí, kò sì sí ẹni tó lè fi ti Jussieu rọ́pò rẹ̀ mọ́.

Baret ńkọ́? Commerson fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sọ ìran kan láti agbègbè Madagascar, Baretia, ewéko tí ewé rẹ̀ máa ń rí oríṣiríṣi lórí igi kan ṣoṣo. Orúkọ yẹn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀; inú ìran Turraea ni ewéko náà wà báyìí. Ẹ̀yà ohun abẹ̀mí tó ń jẹ́ orúkọ Commerson lé ní 70. Ti Baret kò sí títí di ọdún 2012, nígbà tí Eric Tepe, Glynis Ridley àti Lynn Bohs sọ ewéko kan láti Ecuador àti Peru ní Solanum baretiae. Inú ìran kan náà tí tòmátì àti ìgbá wà ló wà, ewé tirẹ̀ náà sì máa ń rí oríṣiríṣi. Ridley kì í ṣe onímọ̀ ewéko, òun ló kọ ìwé nípa ìgbésí ayé Baret.

Lójú tèmi, kò sí ohun tó burú nínú pé Bougainville ń jẹ́ orúkọ igi. Ohun tó burú ni kí á kọ́ ọmọ ilé ìwé pé "Bougainville ló rí igi yìí", bí ọ̀pọ̀ ìwé pélébé ṣe máa ń kọ ọ́. Kò sí ẹ̀rí kankan fún ìyẹn. Àwọn ará Brazil sì ti ń rí i kí ọkọ̀ kankan tó gúnlẹ̀.

Àwọn ẹ̀yà tí a sábà máa ń rí

Mẹ́ta ló ṣe pàtàkì. Bougainvillea spectabilis, tí Willdenow, ọmọ Jámánì, ṣàpèjúwe nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún ń parí lọ, máa ń gùn gan-an, irun wẹ́wẹ́ sì wà lára ewé rẹ̀. Bougainvillea glabra, tí Choisy ṣàpèjúwe lọ́dún 1849, kò ní irun púpọ̀, ewé rẹ̀ ń dán, ohun tí glabra sì túmọ̀ sí ní Látìnì nìyẹn. Òun ló dára jù fún ọgbà tí wọ́n máa ń gé. Ẹ̀kẹta, Bougainvillea peruviana, wá láti Peru.

Ìkẹrin jẹ́ àdàpọ̀. Lọ́dún 1910, ìyáàfin kan tó ń jẹ́ Butt rí Bougainvillea pupa rokoṣo kan nínú ọgbà ní Cartagena ní Colombia, ó sì mú un lọ sí Trinidad. Ibẹ̀ ló ti tàn káàkiri ayé. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé glabra àti peruviana ló bí i, wọ́n sì sọ ọ́ ní Bougainvillea × buttiana. Àmì ìsọdipúpọ̀ tó wà láàárín ni à ń fi mọ̀ pé àdàpọ̀ ni. Obìnrin tó ní ọgbà lójú gba orúkọ tirẹ̀ kánmọ́kánmọ́ ju Baret lọ.

Gbígbìn rẹ̀

A kì í gbin èso rẹ̀, ẹ̀ka la ń gbìn. Ẹ gé ẹ̀ka tó ti le díẹ̀, tó nípọn tó pẹ́ńsù, tó ní oríkèé mẹ́rin tàbí márùn-ún, nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ri oríkèé méjì bọ ilẹ̀ nínú náílọ̀n, ẹ fi sábẹ́ ibòòji títí yóò fi yọ ewé tuntun. Gbòǹgbò rẹ̀ kò lágbára nígbà èwe, torí náà bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sí ilẹ̀, ńṣe ni kí ẹ fi abẹ la náílọ̀n, ẹ má fà á yọ. Lẹ́yìn ìyẹn, oòrùn ló ń fẹ́. Omi àti ajílẹ̀ púpọ̀ á sọ ọ́ di ewé jọ̀wọ̀rọ̀jọ̀wọ̀rọ̀ lásán; òùngbẹ díẹ̀ ló ń jẹ́ kó yọ òdòdó. Ẹni tó ń bomi rin ín láràárọ̀ ló sábà máa ń ṣàròyé pé tòun ò láwọ̀ bíi ti aládùúgbò.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ ya àwòrán ewé aláwọ̀ kan pẹ̀lú òdòdó tó lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì fi hàn lórí àwòrán náà ìdí tí a fi sọ pé ewé ni.

Ẹ ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó já ewéko, ẹni tó dá orúkọ, àti ẹni tó tẹ orúkọ jáde, kí ẹ fi Bougainvillea Comm. ex Juss. ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ mú ewéko mẹ́ta tí ẹ mọ orúkọ Yorùbá wọn ládùúgbò yín, ẹ wádìí orúkọ ìran wọn, kí ẹ sì sọ bóyá orúkọ ènìyàn ni tàbí àpèjúwe.

Kíláàsì tó bá lè dé Ìbàdàn, kí olùkọ́ yín kọ̀wé ṣáájú sí ilé ìpamọ́ ewéko gbígbẹ tó wà ní ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ní Jericho, kí ẹ lè rí bí wọ́n ṣe ń lẹ ewéko mọ́ bébà tí wọ́n sì ń kọ àlàyé sí i. Kíláàsì tí kò bá lè dé ibẹ̀, ẹ tẹ ẹ̀ka Bougainvillea kan láàárín bébà ìròyìn fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa pààrọ̀ bébà náà lójoojúmọ́. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ibi tí ẹ ti já a àti ọjọ́ tí ẹ já a sábẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó lọ já a síbẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe ti olórí ẹgbẹ́ nìkan.